Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kò ní kí ọmọ má di onímọ̀ físíìsì

Bí ọmọ bá sọ fún òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ físíìsì ní ‘liberal arts college’ l’Amẹ́ríkà, ohun méjì ló máa ń kọ òbí lóminú. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rọ̀ ‘arts’ náà sì ń múni rò pé kò sí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń fúnni ní dìgírì lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni. Púpọ̀ nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò tó 3,000. Ẹni tó bá yan físíìsì yóò kọ́ ọ dójú àmì, yóò sì tún kọ́ ìtàn, èdè tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé mọ́ ọn.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé kì í sábà sí níbẹ̀. Ní yunifásítì ńlá, irú wọn ni ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń kó mọ́ra fún ìwádìí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ ló ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe é. Ní Reed College, nílùú Portland, ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kan ti wà láti ọdún 1968. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yege nínú ìdánwò ìjọba àpapọ̀ ló ń gba ìwé àṣẹ láti máa darí rẹ̀. Swarthmore College ni John Mather ti gba dìgírì físíìsì ní 1968 kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley. Ní 2006, òun àti George Smoot jọ gba ẹ̀bùn Nobel, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìtànṣán tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára náà kì í ṣàì ní àléébù. Olùkọ́ físíìsì kì í pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ kan láwọn ibòmíì. Ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n ń kọ́ quantum mechanics àti ìmọ̀ iná mànàmáná òun òòfà fún àwọn tó ti wọlé jìnnà. Kó tún béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní owó tirẹ̀ fún ìwádìí ìgbà ìsinmi, nítorí pé owó REU, tó jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, wà fún ọmọ ìlú wọn àtàwọn tó ní ìwé ìgbélùú títí láé.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún kù. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wọ́n gan-an. Ní Amherst College, àìlówó òbí kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti wọlé, kódà bó bá ti òkèèrè wá, wọn yóò sì ràn án lọ́wọ́ níwọ̀n àìní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibòmíì máa ń wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Bí ọmọ bá sì dé ìpele oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, yunifásítì l’Amẹ́ríkà ló sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ rẹ̀. Owó ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ gan-an ló yẹ kí òbí àti ọmọ jókòó ṣírò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan.