Nọ́ńbà ara mọ́tò kì í parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo ohun tó mọ̀

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 1964, awakọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Stanley Tucker wọ ilé ìtajà mọ́tò Ford kan nílùú St. John's, ní Newfoundland, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Mọ́tò funfun kan ló fa ojú rẹ̀ mọ́ra, Mustang tuntun tí Ford ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Tucker sanwó, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọjọ́ 17 oṣù náà ni Ford fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Mustang fún aráyé, àti pé mọ́tò tó gbé lọ yẹn kì í ṣe títà. Wọ́n kàn ní kí wọ́n fi han àwọn èèyàn ni.

Nígbà tí àṣìṣe náà hàn sí Ford, wọ́n fẹ́ẹ́ gbà á padà, ṣùgbọ́n Tucker kò dá wọn lóhùn. Ó ti fi mọ́tò náà rin ju ẹgbàárùn-ún máìlì lọ kó tó gbà láti fi sílẹ̀ lọ́dún 1966, nígbà tí wọ́n fún un ní Mustang tó pé mílíọ̀nù kan tí wọ́n ṣe ní pàṣípààrọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn ni mọ́tò funfun náà wà báyìí. Kí ló mú kí ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ máa lé mọ́tò kan ṣoṣo kiri? Ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí nọ́ńbà ṣásí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 5F08F100001.

Láyé àtijọ́, bí àwọn àgbà bá rí àlejò tó kọ àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́, kò dìgbà tó bá lanu sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ìlú tàbí ìdílé tó ti wá. Ilà ojú ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ sára mọ́tò wọn ṣe rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ọdún tí wọ́n ka mọ́tò náà sí, ìlú tí wọ́n ti tò ó, irú ara tó ní àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ká mú ti mọ́tò Tucker wò. 5 tó ṣíwájú ni ọdún, ó sì ń tọ́ka sí 1965, nítorí pé mọ́tò ọdún 1965 ni Ford kà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹta ọdún 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mustang. Lẹ́tà F tó tẹ̀lé e ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, ìyẹn Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ká ní San Jose ní California ni, lẹ́tà R ni ì bá wà níbẹ̀. Ká ní Metuchen ní New Jersey ni, T ni. 08 ló ń sọ pé òrùlé rẹ̀ ṣeé ká. Èyí tí òrùlé rẹ̀ le gbagidi, 07 ni tirẹ̀. Èyí tí òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sẹ́yìn ń jẹ́ 09. F kejì ni ẹ́ńjìnnì, onísìlíńdà mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní 260. 100001 tó gbẹ̀yìn ni ipò rẹ̀ lórí ìlà, ibẹ̀ sì ni Ford ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Àwọn nọ́ńbà mẹ́fà yìí ló sọ mọ́tò ọlọ́mọ aráyé di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà F méjì ló wà nínú nọ́ńbà yìí, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan ń sọ ìlú, èkejì ń sọ ẹ́ńjìnnì. Ibi tí lẹ́tà bá jókòó sí ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ẹ tún wò ó pé àwọn tó ń ta Mustang tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe máa ń pè é ní mọ́tò 1964 àtààbọ̀ kó lè wọ oníbàárà lójú. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kò mọ àtààbọ̀ kankan. 5 ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé ṣáájú ọdún 1981, kò sí èdè kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń sọ. Olúkúlùkù ló ń kọ ilà tirẹ̀. Bí Ford ṣe ń kọ tirẹ̀ kọ́ ni Chrysler ń gbà kọ ọ́, ti General Motors sì tún yàtọ̀. Ẹni tó bá fi ojú Ford ka nọ́ńbà Plymouth yóò ṣìnà pátápátá.

Ọ̀dọ̀ Chrysler ni owó ńlá pọ̀ sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá rí Plymouth tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BS27R1B, kó fara balẹ̀. B àkọ́kọ́ ni Barracuda. S ni ipò tí wọ́n tò ó sí, ìyẹn 'Cuda, ẹ̀gbọ́n Barracuda lásán tí lẹ́tà tirẹ̀ jẹ́ H. 27 ni òrùlé kíká. R ni ẹ́ńjìnnì 426 Hemi tó lágbára bí ìjì. 1 ni ọdún 1971, B ìkẹyìn sì ni Hamtramck, ìlú tí wọ́n ti tò ó ní Michigan. Mọ́kànlá péré ni wọ́n ṣe nínú irú mọ́tò yìí lọ́dún náà. Lọ́dún 2014, wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní Seattle ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là. Bí ó bá wá jẹ́ BH27G1B ni wọ́n kọ sí i, ẹ́ńjìnnì 318 tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló ní nígbà tí wọ́n ṣe é, Barracuda lásán ni. Lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín mọ́tò tí ọlọ́rọ̀ lè rà àti èyí tí ọlọ́rọ̀ gan-an ń wò tẹnu-tẹnu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti General Motors, nítorí pé nọ́ńbà tiwọn máa ń dákẹ́ lórí ohun tí oníbàárà fẹ́ẹ́ mọ̀ jù. Pontiac GTO jẹ́ àpẹẹrẹ. Láti 1966 títí dé 1971, mọ́tò náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, 242 ló sì máa ń ṣíwájú. Bí kò bá sí 242, kì í ṣe GTO, ó parí. Ṣùgbọ́n ní 1964 àti 1965, àfikún lásán ni GTO jẹ́ lórí mọ́tò LeMans, nọ́ńbà náà kò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Chevelle SS 396. Láti 1966 dé 1968, 138 tó ń ṣíwájú ló ń fi í hàn, àmọ́ láti 1969 ni SS ti di àfikún, tí nọ́ńbà kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Camaro Z/28 ti 1967 ló tún wá burú jù. 602 péré ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ 124377 tó wà lára rẹ̀ ló wà lára Camaro onísìlíńdà mẹ́jọ yòówù tí òrùlé rẹ̀ le lọ́dún náà. Ilà ojú ń sọ ìlú èèyàn, kì í sọ ohun tó wà lápò rẹ̀.

Inú àlàfo yìí ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí jẹ. Wọn yóò ra LeMans lásán, wọn yóò fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, wọn yóò lẹ àmì GTO mọ́ ọn, wọn yóò sì tà á bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ẹni tó bá ṣe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó sì sọ òótọ́ fún oníbàárà kò jẹ̀bi. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a tú nọ́ńbà kúrò lára mọ́tò olówó ńlá tó ti jẹrà, wọn a sì kàn án mọ́ mọ́tò mìíràn, nígbà mìíràn èyí tí wọ́n jí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ nọ́ńbà yìí tàbí tó yí i padà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Ẹni tó rà á láìmọ̀ náà kò sì bọ́, nítorí pé olè kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá yọjú, mọ́tò yóò lọ, owó náà yóò sì ti lọ.

Ìdí nìyí tí ẹni tó gbọ́n kì í fi ka nọ́ńbà nìkan. Ó máa ń wo bí wọ́n ṣe kàn án mọ́ ibẹ̀. Láti mọ́tò ọdún 1968 ni nọ́ńbà ti ń hàn láti inú gíláàsì iwájú, lórí dáṣíbọọ̀dù. Ìṣó kéékèèké tí orí wọn rí bí òdòdó ni General Motors àti Chrysler máa ń fi kàn án. Bí ìṣó mìíràn bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí ara fu èèyàn. Lára Mustang àkọ́kọ́, páànù ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tẹ nọ́ńbà gidi sí. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹnikẹ́ni lè ra tuntun rẹ̀. Chrysler láti 1968 tún tẹ apá kan nọ́ńbà náà sára irin tó gbé rédíétọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ní apá kan nọ́ńbà mọ́tò lára pẹ̀lú. Bí kò bá bára mu, kì í ṣe pé olè jí i dandan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti wálẹ̀.

Níbi tí nọ́ńbà bá dákẹ́ sí, ìwé ló ń gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi to mọ́tò máa ń fara pamọ́ sínú ìjókòó tàbí sórí táǹkì epo. Àwọn PHS ń ta ẹ̀dà ìwé Pontiac, Marti Auto Works sì ní àkọsílẹ̀ mọ́tò Ford láti 1967 síwájú.

Láti mọ́tò ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ìlànà kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Nọ́ńbà náà di 17. Wọ́n yọ I, O àti Q kúrò kí wọ́n má baà dà bí 1 àti 0, wọ́n sì fi èyí tó wà ní ipò kẹsàn-án ṣe olùṣọ́ tí wọ́n fi ń ṣírò bóyá òǹkà tó kù péye. Èyí ni àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ mọ̀, òun sì ni ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi díyelé mọ́tò lọ́dún 2022. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òṣùwọ̀n yìí wọn mọ́tò àtijọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ nọ́ńbà Mustang 1965 nítorí pé 11 péré ló jẹ́, kì í ṣe ayédèrú. Kọ̀ǹpútà náà ni kò gbọ́ èdè àgbà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ra mọ́tò àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó ka nọ́ńbà rẹ̀ kó tó gbọ́ ìtàn tí olùtajà ń pa, kó sì mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti ń sọ̀rọ̀ àti ibi tó ti dákẹ́. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.