Àmì iwájú sinimá: Ohun tó kù fún àwọn onífíìmù Cambodia

Kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀, àmì kan ló máa ń kọ́kọ́ hàn lára aṣọ funfun. Orin á dún díẹ̀, àwòrán á jáde, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà á sì tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kà á sí. Ẹ̀pà ni wọ́n á ṣì máa bó. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Cambodia, ní ilẹ̀ Éṣíà, irú àmì bẹ́ẹ̀ ti di ohun iyebíye.

Láàárín ọdún 1960 sí 1975, nǹkan bí 400 fíìmù ni àwọn ará Khmer ṣe níbẹ̀. Ìtàn àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ly Bun Yim ṣe ti àwọn ọmọ ìyá méjìlá lọ́dún 1968; Tea Lim Koun ṣe ti ọkùnrin ejò lọ́dún 1970.

Lọ́jọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1975, nǹkan dàrú. Àwọn ọmọ ogun Khmer Rouge gba Phnom Penh, olú-ìlú wọn, wọ́n sì fi tipátipá lé àwọn ará ìlú lọ sóko. Kí ìjọba náà tó ṣubú lọ́dún 1979, ó kéré tán, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn ti kú. Gbajúmọ̀ òṣèré bíi Vichara Dany àti Kong Sam Oeurn bá a lọ. Àwọn fíìmù tí kò rí olùtọ́jú bà jẹ́. Nǹkan bí 30 péré ló kù.

Èyí tó tún dunni ni pé iwájú rọ́ọ̀lù fíìmù, níbi tí àmì ilé-iṣẹ́ wà gan-an, ló máa ń tètè gbó, nítorí ibẹ̀ lọwọ́ ń kàn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ki fíìmù bọ ẹ̀rọ. Bí ibẹ̀ bá já, eré lè kù, ká má mọ ẹni tó ṣe é mọ́. Níbi tí àmì bá ṣì wà, orúkọ ẹni tó náwó nára sí i ṣì wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní sàréè níbi kankan.

Davy Chou, ọmọ-ọmọ Van Chann tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onífíìmù ayé ìgbà náà, ti ilẹ̀ Faransé wá wá àwọn tó ṣẹ́kù kàn, ó sì fi ìtàn wọn ṣe fíìmù Golden Slumbers lọ́dún 2011. Ní Phnom Penh, ilé àkójọ Bophana, tí Rithy Panh wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2006, ń kó àwòrán àti ohùn àtijọ́ jọ fún aráàlú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí fọ́tò àwọn òbí yín bá wà nínú àpótí, ẹ kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ lónìí. Ọmọ tí yóò béèrè lè má tíì dáyé.