Bí omi bá dà sí láápùtọ́ọ̀pù yín, ẹ má ṣe tàn án wò

Àgbègbè kòkó ni Ọ̀wẹnà tó wà níjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá sì ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé iye àpò tí òun gbà, bó ṣe wọ̀n tó lórí òṣùwọ̀n, àti owó tí òun ti san sílẹ̀ fún àgbẹ̀ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sórí lásán. Inú láápùtọ́ọ̀pù, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí báyìí. Lọ́dún 2024, nígbà tí owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ìlà kan péré tó bá sọnù nínú àkọsílẹ̀ ti tó ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníṣòwò àti àgbẹ̀.

Ká wá ní òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, páànù ṣọ́ọ̀bù ń jò, omi sì kán sórí tábìlì. Tàbí kẹ̀, ọmọọṣẹ́ gbé píọ̀ wọ́tà tó ti fi eyín ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ láápùtọ́ọ̀pù, oníbàárà kan fara kàn án, lomi bá dà sáàárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré fi aṣọ nù ún, wọ́n á sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Títàn tí wọ́n tàn án wò yẹn gan-an ló sábà máa ń pa á ju omi lọ.

Ìdí ni pé omi tí à ń mu kì í ṣe omi nìkan. Iyọ̀ àtàwọn nǹkan mìíràn tó ti yọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń jẹ́ kí iná rí ibi gbà kọjá. Pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà inú láápùtọ́ọ̀pù sí, tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní motherboard, kún fún àwọn ojú ọ̀nà iná tó tín-ín-rín gan-an. Bí omi bá so ọ̀nà méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀, iná á ya síbi tí kì í ṣe tiẹ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ á sì jó. Bí kò bá tiẹ̀ jó, iná tó ń gba inú omi kọjá á máa jẹ irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì dógùn-ún. Bí kò bá sí iná nínú rẹ̀, ìbàjẹ́ náà á falẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé. Bí ṣájà bá wà lára rẹ̀, ẹ pa á láti ara ògiri kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, pàápàá bí ọwọ́ yín bá tutù. Pé NEPA ti mú iná lọ kò tó o, bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, títí tó fi máa kú pátápátá, kẹ́ ẹ má ṣe dúró torí iṣẹ́ tó wà lójú rẹ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ látìsàlẹ̀, ẹ yọ ọ́. Wọ́n ti de ti ọ̀pọ̀ láápùtọ́ọ̀pù òde òní mọ́nú, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú nìkan ló lè yọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i bí ìwé, kẹ́ ẹ dà á délẹ̀ sórí tówẹ̀lì, kí omi lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Àwọn kan máa ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn aṣọ. Ńṣe ni wọ́n ń ti omi lọ síbi tí kò tíì dé. Bó bá ń gbóná, tó ń wú, tàbí tó ń rú èéfín, ẹ jìnnà sí i, nítorí bátìrì náà lè gbiná.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ńkọ́? Kò sígbà tírú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ tẹ́nì kan kò ní sọ pé kí wọ́n rì í bọnú ìrẹsì. Ìrẹsì kò lè fa omi tó ti wọ abẹ́ pátákó jáde ju bí atẹ́gùn lásán ṣe máa ṣe é lọ, èérún rẹ̀ sì lè há sínú ihò. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ Apple kìlọ̀ fáwọn tó ń lo fóònù wọn pé kí wọ́n yé ki fóònù tó bá tutù bọnú ìrẹsì. Ẹ fi ìrẹsì yín se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ má sì sá láápùtọ́ọ̀pù sóòrùn, nítorí ooru lè ba bátìrì àti ojú rẹ̀ jẹ́. Fáànù ló dáa.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ nìkan kò tó, àgàgà tó bá jẹ́ pé máàtì, tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló dà sí i. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ṣúgà á ṣẹ́kù, á máa lẹ̀, á sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ìyẹn ló ń fà á tí láápùtọ́ọ̀pù kan á fi ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sẹ̀ kan, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó kú. Ẹ gbé e lọ fẹ́ni tó máa tú u, tó máa fi isopropyl alcohol fọ pátákó rẹ̀. Kì í ṣe pẹtiróòlù o. Ẹni tó wà l'Ọ̀wẹnà lè lọ sí Àkúrẹ́. Èyí tó bá le ju ìyẹn lọ, Computer Village n'Íkẹjà wà ńbẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún un nípa ohun tó dà sí i àti ìgbà tó dà á, kẹ́ ẹ sì dúnàádúrà owó títú kó tó fọwọ́ kan ìdè kankan. Ọ̀rọ̀ wáráńtì kì í sábà wọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe láápùtọ́ọ̀pù kì í gba ẹjọ́ omi.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ náà ní láti ṣọ́ra. Láápùtọ́ọ̀pù tí omi ti dà sí rí ń bọ̀ sọ́jà, ó sì lè máa tàn dáadáa níwájú oníbàárà. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá òmíràn ń lẹ̀ tàbí kò dáhùn.

Ní ti àkọsílẹ̀ yín, ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Pátákó lè jó kí hard disk tó wà lára rẹ̀ má ní nǹkan kan ṣe, nítorí náà ẹ ní kẹ́ni tó ń tún un ṣe kọ́kọ́ yọ ìyẹn lójú yín, bó bá jẹ́ irú tó ṣeé yọ. Wọ́n lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn kí wọ́n sì da iṣẹ́ yín kọ. Ohun kan ló lè dí wọn lọ́wọ́: ọ̀pọ̀ láápùtọ́ọ̀pù tó ń lo Windows 11 ti tì í pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, kò sì ní ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn láìsí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní recovery key. Inú àkáǹtì Microsoft tẹ́ ẹ fi ṣí láápùtọ́ọ̀pù náà ló sábà máa ń wà. Ẹ wá a lónìí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nílé. Ẹ tún da àkọsílẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí fíláàṣì nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ má sì kó fíláàṣì náà sínú báàgì kan náà pẹ̀lú láápùtọ́ọ̀pù.