Agolo Mílíìkì Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ̀ mi kú lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oríta Abraham Adésànyà sí ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì wa. Epo kò tán, bátìrì kò sì kú. Bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti dúró, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, yóò sì dákẹ́. Mo tún ṣí i, ó jẹ́. Mo rìn díẹ̀, mo dúró, ó tún kú. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ á mọ irú èébú tí àwọn awakọ̀ dánfó tó wà lẹ́yìn mi ń bù. Màmá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Kò bínú. Ó kàn fi ọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ lórí, ó ní, "Ọkọ̀ bàbá yín ti ń darúgbó."

Toyota Camry ọdún 1999 ni, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní "Pencil Light". Bàbá mi rà á ní tòkunbọ̀, ó sì lò ó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èmi ni mo jogún rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé èmi ni wọ́n jù ú sí lọ́wọ́, nítorí àbúrò mi ọkùnrin ti ní ká tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọkọ̀ tó bá ń mu epo bí ọ̀mùtí kì í ní alágbàwí nínú ilé. Ṣùgbọ́n màmá mi kò fẹ́ kí a tà á. Kò sọ ìdí, àwa náà kò bi í.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ó gba owó rẹ̀, ọkọ̀ sì ń kú lọ. Èkejì gbé etí sí i fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n wá owó òmíràn kí a jọ gba Ládípọ̀ lọ ní Mushin. Iye tó dá lé e sún mọ́ iye tí wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ náà lódindi. Ẹ̀kẹta ló kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń ṣe é.

"Àǹtí, EGR yín ló ti há. Ẹ má wulẹ̀ náwó, a máa dí i ni."

Ó bu irin pẹlẹbẹ lára agolo mílíìkì, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e kó bá ojú ihò mu, ó kì í sí abẹ́ fáàfù kan tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì dè é padà. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ kò kú mọ́. Mo yìn ín, mo tilẹ̀ fi owó ẹlẹ́rìndòdò lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì fi tàn níwájú mi, tí kò sì kú mọ́. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀nà ṣófo, tí mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọmọdé ń mi owó wẹ́wẹ́ nínú kóló. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ìró náà á pọ̀ sí i; bí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á lọ. Agolo ti wo kíkú sàn, ó ti bí àìsàn mìíràn.

Kí ni EGR yìí gan-an? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi, nítorí Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, n kò ka ẹ̀rọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti sun epo tán, èéfín á gba sálẹ́ńsà jáde. EGR ni ọ̀nà kékeré tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín yẹn padà, tó ń pò ó mọ́ afẹ́fẹ́ tuntun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ fà símú. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ta ló ń jẹ èébì ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Èéfín ti jóná tán, kò ní jó mọ́. Bó bá wọlé, àyè ló ń gbà, ooru ló sì ń fà mu, bí ìgbà tí èèyàn bá bu eérú sórí ẹ̀yín iná tó ń jó ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru inú ẹ́ńjìnnì á wá rọlẹ̀.

Ìdí tí a fi fẹ́ kó rọlẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló jẹ́ náítírójìn, gáàsì jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 1,370 lórí òṣùwọ̀n Celsius, jẹ́jẹ́ náà á tán. Náítírójìn á dì mọ́ ọ́síjìn, wọn á di gáàsì burúkú tó ń ta ẹ̀dọ̀fóró, tó sì tún ń bá ìtànṣán oòrùn ṣiṣẹ́ láti bí òmíràn tó ń yọ ojú àti ọ̀fun lẹ́nu. Los Angeles ní Amẹ́ríkà rí màbo rẹ̀. Onímọ̀ kẹ́místírì kan, Arie Haagen-Smit, ló fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé èéfín ọkọ̀ àti oòrùn wà lára ohun tó ń po ìkùukùu ìlú náà. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé ní 1970, ó sì di nǹkan bí 1972 sí 1973 kí EGR tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Ìjà náà kò tíì tán. Nígbà tí àṣírí Volkswagen tú ní oṣù kẹsàn-án 2015, pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó tó mílíọ̀nù 11 ń parọ́ fún àwọn olùyẹ̀wò, gáàsì yìí kan náà ni wọ́n ń fi pamọ́.

Àwa ńkọ́? Ní 2020, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ pé láàárín 2015 sí 2018, àlòkù ọkọ̀ kéékèèké mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àti pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà. Báǹkì Àgbáyé náà ṣírò pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa èèyàn tó tó 11,200 láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018. Eruku lẹ́búlẹ́bú ló pọ̀ jù nínú ìṣírò yẹn, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ sì ní ìpín tiwọn. N kò ní sọ pé Camry bàbá mi ló pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mo mọ iye ọkọ̀ tó ń tò tẹ̀lé ara wọn níwájú ẹ́sítéètì wa láràárọ̀, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ti gé agolo fún.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi tu èèyàn lójú ni pé bí wọ́n bá dí EGR, ọkọ̀ á ní agbára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fáàfù náà á wà ní pípadé. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, yóò wà ní pípadé. Nígbà tí ẹ bá tẹ iná dé ilẹ̀, tí ẹ ń wá agbára gan-an, ó ti padé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa ń ṣí, ó sì máa ń dín epo kù díẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó dí i kò rí agbára kankan gbà. Ooru àti ìró kóló ló rà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe bàbá mẹkáníìkì kan fún mi ní apá Lángbàsà, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí irin lè tutù. Ní àárọ̀, ó fi ẹ̀rọ skánà bọ ihò tó wà lábẹ́ ìdarí. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yẹn. P0401 ló jáde: èéfín tó ń gba EGR kọjá kò tó.

"Báwo ni yóò ṣe tó?" ni Bàbá wí nígbà tó fa irin pẹlẹbẹ náà yọ, tó sì gbé e fún mi. Orúkọ mílíìkì náà ṣì hàn lára rẹ̀.

Nǹkan tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni títú nọ́ọ̀tì. Àárín ọ̀sà àti òkun ni a wà ní apá yìí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Láti alẹ́ ni Bàbá ti fín òróró sí wọn, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan kó tó tú wọn láìṣẹ́ ọ̀kankan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé sùúrù ni ẹni tó gé agolo kò ní.

Fáàfù náà dà bí àwo kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ bo ilẹ̀. Awọ rọ́bà wà nínú orí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa afẹ́fẹ́ láti inú hóòsì tó so mọ́ ọn, awọ náà á gbé ọ̀pá kan sókè, ọ̀nà á sì ṣí. Ní ìsàlẹ̀, èédú dúdú ti dì mọ́ ọn gbagidi, èérún kan sì há sábẹ́ ọ̀pá náà tí kò jẹ́ kó padé. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kú ní oríta: nígbà tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì mí afẹ́fẹ́ nìkan, èéfín ń wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá fi àkísà dí ihò ara ẹ́ńjìnnì kí ohun tó bá ha má bàa já sínú rẹ̀. Ó wá fi sìkúrúdíráfà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo rẹ̀, ó fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i, ó tún ha. Ó kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé oògùn náà kò gbọ́dọ̀ kan orí fáàfù, kó má bàa jẹ awọ inú rẹ̀.

Bí mo ti ń dúró, mo ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, mo sì rí ìwé àkọsílẹ̀ bàbá mi lábẹ́ àwọn ìwé àtijọ́. Ọjọ́, iye máìlì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, owó tó san. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún: "Wọ́n fọ EGR. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun." Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìwé yẹn fi wà níwájú orúnkún mi. N kò ṣí i rí.

Bàbá mẹkáníìkì bi mí ibi tí mo ń gbé. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún 1997, nígbà ìjọba ológun, àwọn agbébọn rọ̀jò ọta lu ọkọ̀ Olóyè Adésànyà tí wọ́n fi sọ ẹ́sítéètì wa ní Èkó níbí, tí Ọlọ́run sì yọ ọ́? Mo ní mo mọ̀. "Ọkọ̀ ti Adésànyà gba ọta," ó ní, "tiyín kò lè gba èéfín." Òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà díẹ̀.

Kó tó dá fáàfù padà, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ láti inú hóòsì rẹ̀, ó sì fi ahọ́n dí i. Ọ̀pá náà gbéra, kò sì sọ̀ kalẹ̀: awọ rọ́bà kò ya. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó fẹ́ ekuru kúrò nínú asẹ́ kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ róbótó tí hóòsì náà gbà kọjá, ó sì ṣí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dúró kó gbóná, ó tún fa hóòsì yẹn. Lójijì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àyà mi já.

"Ohun tí à ń wá nìyẹn," ni Bàbá wí. "Bí mo bá fà á tí kò gbọ̀n, ihò ti dí nìyẹn, tàbí awọ ti ya. Bí mo bá sì dẹ̀ ẹ́ tí kò dẹ́kun, fáàfù kò padé."

Ẹni tó bá ń lo irú ọkọ̀ tèmi lè ní kí mẹkáníìkì òun ṣe ìdánwò yẹn lójú òun kó tó tú ohunkóhun. Ọkọ̀ kò sì dọ́gba o. Nínú Honda Accord onípísítìnì mẹ́fà ti ọdún 1998 sí 2002, fáàfù lè dára pátápátá kó jẹ́ pé àwọn ojú ihò tó gbé èéfín wọ ẹ́ńjìnnì ló dí. Camry tó jáde láti 2002 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin, oní-lítà 2.4, kò tilẹ̀ ní fáàfù EGR rárá. Ọ̀nà mìíràn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá yín ra EGR fún "Big Daddy" yín onípísítìnì mẹ́rin, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ni EGR ń ṣe. Hóòsì tó là àti púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ lè fa irú ìgbọ̀nrìrì kan náà.

Owó tí Bàbá gbà kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n fẹ́ gbà fún ẹ́ńjìnnì. Ó pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ pẹ̀lú skánà, ó ní kí n wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, pé bí ìdí rẹ̀ bá ṣì wà, yóò padà tàn fúnra rẹ̀. Kò tíì tàn. Mo ti gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Nígbà kejì, a dúró ní oríta fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì sùn lọ.

Mo ti kọ tèmi sí abẹ́ ti bàbá mi nínú ìwé náà: ọjọ́, máìlì, owó. Hóòsì kan ló kù tí ẹnu rẹ̀ ti ń là. Bàbá ní kí n mú ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kó tó gbóná.