Àwòrán nínú Ìwé Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ọmọ Ènìyàn

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí olùkọ́ kan nínú wa tí kò tíì rí àwòrán náà rí. Ìnàkí kan tí ó tẹ̀ba ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e nàró díẹ̀. Ẹ̀kẹta tún nàró jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ ara wọn lẹ́yìn títí a fi kan ènìyàn bí tiwa, tí ó dúró ṣánṣán, tí ó sì ń rìn lọ bí ọmọ ogun. Wọ́n ti yà á sára aṣọ, wọ́n ti fi polówó ọjà, àwọn aláwàdà inú ìwé ìròyìn sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóríṣiríṣi. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ nípa bí ènìyàn ṣe di ènìyàn, àwòrán yìí ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kí ó tó rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé àwòrán náà ń kọ́ni ní ohun tí àwọn tí ó ṣe ìwé rẹ̀ gan-an kò gbà, àti pé bí a óò bá ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni kí a gbà yà á.

Ọdún 1965 ni ó kọ́kọ́ jáde, nínú ìwé Early Man tí ilé-iṣẹ́ Time-Life tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. F. Clark Howell ni ó kọ ìwé náà. Rudolph Zallinger ni ó ya àwòrán yìí. Zallinger kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí iṣẹ́ náà, nítorí òun kan náà ni ó ya àwọn ẹran abàmì ayé àtijọ́ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Yunifásítì Yale, iṣẹ́ ńlá tí ó parí ní 1947. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn tí ó tò sórí ìlà, lójú ìwé tí a ká mọ́ra wọn, tí òǹkàwé yóò tú bí ẹni tú ẹní. Nínú àlàyé tí ó bá wọn rìn, a sọ ọ́ gbangba pé àwọn kan nínú wọn kì í ṣe baba ńlá wa rárá, pé ìran wọn parun. Ṣùgbọ́n ta ni ń ka àlàyé nígbà tí ojú ti rí ìlà? Howell fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé agbára àwòrán náà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ramapithecus. Nígbà tí Zallinger ń yà á, ohun tí a tíì rí nínú ara rẹ̀ kò ju eyín àti àfọ́kù egungun àgbọ̀n lọ. Ẹsẹ̀, èjìká, irun ara, ìdúró, inú ọkàn ayàwòrán ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí a rí egungun ojú irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní Pakísítánì, ó hàn pé orangutan, ìnàkí pupa ilẹ̀ Éṣíà, ni ó bá tan jù, kì í ṣe àwa.

Zallinger kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó to ẹ̀dá báyìí. Ní 1863, T. H. Huxley, ọ̀rẹ́ Darwin, fi àwòrán kan ṣíwájú ìwé rẹ̀ Evidence as to Man's Place in Nature: egungun ìnàkí mẹ́rin àti egungun ènìyàn kan, tí Waterhouse Hawkins yà. Huxley fẹ́ kí a fi egungun wé egungun ni. Kò pe ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní baba ènìyàn. Síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, ènìyàn sì ni ó ṣíwájú. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn tilẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìlọ́po méjì bí ó ṣe tóbi tó. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀, ojú kò gbọ́.

Bí ó bá ṣe pé àṣìṣe lásán ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ti ṣe ènìyàn dúdú ní ibi rí. Ní 1854, ọdún márùn-ún kí ìwé Darwin tó jáde, Josiah Nott àti George Gliddon tẹ Types of Mankind jáde ní Philadelphia. Nínú rẹ̀, orí ère òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì kan wà lókè, orí ènìyàn dúdú wà láàárín, orí ìnàkí wà nísàlẹ̀. Nott jẹ́ ẹni tí ó ní ẹrú, ìwé náà sì wúlò púpọ̀ fún àwọn tí ń gbèjà ìkónilẹ́rú. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí àwọn méjèèjì gbà ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dá ìran ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Àkàbà ti wà lára ògiri kí ìmọ̀ Darwin tó dé. Àwọn ayàwòrán kàn gbé ìmọ̀ náà gùn ún ni. Darwin ní tirẹ̀ kọ ọ́ ní 1871 pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Áfíríkà ni àwọn baba ńlá wa àkọ́kọ́ gbé, egungun tí a ti ń hú láti 1924 sì ti gbè é lẹ́yìn. Ọmọ iléèwé tí kò gbọ́ èyí, tí ó sì rí ìlà náà, kí ni yóò rò nípa ara rẹ̀?

Irú rẹ̀ náà ni ti ọkùnrin La Chapelle-aux-Saints, tí a hú egungun rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1908. Ní ọdún kejì, ayàwòrán Kupka yà á bí ẹranko onírun tí ó mú kùmọ̀ dání, ìwé ìròyìn Páríìsì àti ti Lọ́ńdọ̀nù sì gbé e jáde. Ó di 1957 kí Straus àti Cave tó tún egungun náà yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ẹni tí àrùn oríkèé ń bá jà ni. Wọ́n ní bí a bá wẹ̀ ẹ́, tí a fá irùngbọ̀n rẹ̀, tí a sì wọ̀ ọ́ láṣọ, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ ojú irin New York.

Báwo ni kí a wá ṣe é? Ní tèmi, agboolé ni kí a yà. Gbogbo wa mọ agboolé tí ojúlé rẹ̀ pọ̀. Ọmọ baba kan ni wọ́n ní ìpilẹ̀. Àwọn kan jáde lọ tẹ ibòmíràn dó, àwọn kan kú láìlọ́mọ tí ògiri wọn sì wó, àwọn mìíràn ń dáná níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ní ẹbí ni èmi àti ọmọ àbúrò baba mi, kò sí ẹni tí yóò gbà pé òun ni ó bí mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa àti ṣinpansí: baba ńlá kan náà ni a ní, ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún sẹ́yìn, a sì pín ojúlé. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ kì í yé bèèrè, pé bí ènìyàn bá ti ara ìnàkí wá, kí ló dé tí ìnàkí fi wà síbẹ̀, ìlà ni ó bí i. (Ìtìjú tí ìbátan yìí ń mú bá àwọn kan máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn baba wa tí ó so ìbejì mọ́ ẹdun kò kà á sí ẹ̀gàn.) Nínú agboolé náà ni a ti lè fi hàn pé ìran ọkùnrin La Chapelle bá ìran tiwa bímọ kí ó tó parun, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2010 ti fi hàn. Ìlà kò lè sọ ìyẹn.

Kí ayàwòrán sì fi tàdáwà dúdú ya egungun tí a rí, kí ó fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ya èyí tí ó fi ọkàn rò. Ara Lucy, tí a rí ní Hadar ní Etiópíà ní 1974, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún egungun rẹ̀ ni yóò dúdú. Ti Ramapithecus ìjọ́sí ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn. Ní ti ọjọ́ orí, okùn mítà 7 tó olùkọ́. Kí ó ta á mọ́ ògiri kíláàsì, kí mítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ sì jẹ́ òní. Lucy yóò wà ní mítà 3.2 sí ìpẹ̀kun. Àwọn ará Jebel Irhoud ní Mòrókò, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù lọ nínú ìran tiwa, yóò wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30.

Ní sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ sí ìpẹ̀kun ni ará ilé wa yóò wà. Ní 1965 kan náà tí ìwé Howell jáde, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn hú egungun ènìyàn kan ní abẹ́ àpáta Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsarun, nítòsí Àkúrẹ́. (Iwo Eleru ni ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ń kọ ọ́, bí ẹni pé ìwo ẹran ni.) Ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Nígbà tí Katerina Harvati àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà wọ̀n, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ó gùn, kò sì ga, ó jọ agbárí àwọn tí ó gbé ayé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀. Bí a bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ tò ó sínú ìlà Zallinger, ẹ̀gbẹ́ ẹni ìkẹyìn ni yóò dúró sí. Bí a bá fi ìrísí rẹ̀ tò ó, ẹ̀yìn ni yóò padà sí. Nínú agboolé, ojúlé kan ni a óò yà fún un, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí àgbàlá kan náà pẹ̀lú tiwa.