Oògùn Kòkó Kì í Ṣe Oògùn Ẹja Pípa

Ẹ̀yin apẹja Zion Pepe àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní etí òkun Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ Gammalin 20 ni a fẹ́ bá yín sọ. Àgbẹ̀ ni a ṣe é fún, láti fi pa kòkòrò tí ń fa oje kòkó mu. Àwọn apẹja kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sọ ọ́ di ohun ìpẹja. Lindane ni májèlé inú rẹ̀. Iṣan ara ẹja ni ó ń bá jà: ẹja a ta gìrì, a fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, a léfòó. Ọmọ ẹja àti edé tí ẹ ń retí lọ́la a bá a lọ.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn agbára irú májèlé bẹ́ẹ̀? Wọn a kó ẹja tí ara wọn le, ó kéré tán méje, sínú táńkì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kò ní májèlé rárá. Nínú márùn-ún yòókù, ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọn kì í bọ́ wọn, wọn a sì máa ka òkú títí wákàtí 96 yóò fi pé. Ìwọ̀n tí ó pa ìdajì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o: ìwọ̀n yìí kò sọ pé ẹja tí ó yè dára fún jíjẹ. Lindane a máa dúró sínú ọ̀rá ẹja. Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn májèlé tí a ó fòpin sí ní 2009.

Bí ẹja bá léfòó lójijì, ẹ má ṣà á, ẹ má sì yan án. Ẹ bu omi ibẹ̀ sínú ìgò mímọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbókòdá, kí omi tó ṣàn lọ.