Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Ń Ni Lára Kì Í Ṣe Olódo

Ẹ̀yin òbí wa, àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Làákàyè ọmọ lè pé pérépéré, kí ó má sì lè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìṣòro yìí.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Sweden gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ẹyinjú ọmọ bí ó ti ń kàwé. Kọ̀ǹpútà sì ń wo bí ojú náà ti ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, tí ó sì ń padà sẹ́yìn. Nínú ọmọ 185, ó da àwọn tí ó ní ìṣòro mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní nǹkan bí ìdá 96 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè kọ́ ọmọ. Olùkọ́ onísùúrù àti òbí tí kì í fi ọmọ ṣẹ̀sín ni yóò parí iṣẹ́. Kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò.